Kámẹ́rà ní Ìbàdàn àti Àwòrán Inú Ìwé Ìròyìn Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ojú ba ohun tí ó ti kọjá kí a tó bí i? Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun fi orí òkè tí a wà yìí ṣe ibùdó, tí ibùdó náà sì di ìlú Ìbàdàn. Ìba Olúyọ̀lé, tí a fi orúkọ rẹ̀ ń ki ìlú wa di òní olónìí, fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1847. Oríkì rẹ̀ wà, ìtàn ogun rẹ̀ wà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ láàárín wa. Ojú rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Bí oníṣẹ́ ọnà kan bá ya Olúyọ̀lé fún wa lónìí, ohun tí ó rí ní ọkàn ara rẹ̀ ni ó yà, nítorí kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán kankan ní Ìbàdàn ní ayé Olúyọ̀lé.

Àwa tí a wà láyé lónìí kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Màpó dé Bẹẹrẹ, láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnká, tí a kò lè rí ẹ̀rọ ayàwòrán kan nínú rẹ̀ bí a bá wá a. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí ní ṣókí nípa bí iṣẹ́ fọ́tò ti dé ilẹ̀ wa, bí àwọn ènìyàn wa ti gbà á ṣe, àti bí àwọn ọmọ tí ń ṣe ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè fi àwòrán dúdú àti funfun ṣe ìlú yìí ní oore. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Àwòrán tí ó mọ́, tí ó sì ní orúkọ, ẹlẹ́rìí ni. Èyí tí kò mọ́, tàbí tí kò ní orúkọ, ẹlẹ́rìí tí ó yadi ni.

BÍ KÁMẸ́RÀ TI DÉ

Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1839 ni a kéde iṣẹ́ ọwọ́ Louis Daguerre fún gbogbo ayé ní Paris, olú ìlú ilẹ̀ Faransé. Nígbà náà Ìbàdàn jẹ́ ìlú ọmọ ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Orí pátákó bàbà tí a fi fàdákà bò ni Daguerre ń ya àwòrán sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Bí ó bá sọnù, ó sọnù náà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àkókò kan náà, William Henry Fox Talbot ń ṣe tirẹ̀ lórí bébà. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọ̀nà ti Talbot máa ń yí ohun gbogbo padà: ohun funfun a di dúdú, ohun dúdú a di funfun. Láti ara rẹ̀ ni a ó wá tẹ àwòrán gidi jáde, iye tí a bá fẹ́. Nẹ́gẹ́tíìfù ni àwọn onífọ́tò wa ń pe èyí àkọ́kọ́ náà, ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé sì padà tọ̀.

Fàdákà ni ọkàn iṣẹ́ náà. Èròjà tí a fi fàdákà ṣe ni ó wà lára fíìmù àti lára bébà fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń yí i padà. Inú òkùnkùn ni a ti ń fọ fíìmù. Omi àkọ́kọ́ yóò sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn di dúdú. Omi kejì, tí a ń pè ní háípò, yóò kó èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi omi tí ó mọ́ ṣàn án títí. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ ń rí nínú férémù ní pálọ̀ àwọn àgbà, tí wọ́n ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àwọn tí a kò ṣàn dáadáa ni. Háípò tí ó ṣẹ́ kù lára wọn ni ó ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a fọ̀ dáadáa, tí a sì pa mọ́ kúrò níbi ọ̀rinrin, lè gbó ju ẹni tí ó yà á lọ.

Nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Kúdẹtì, iṣẹ́ yìí ti wà ní òkèèrè, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì gbówó lórí. Inú lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ni Anna kọ ohun tí ó rí sí. Láti inú wọn ni a ti ṣa ìwé tí a tẹ̀ jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò gbọ́ ohùn Ìbàdàn àtijọ́. Ojú Ìbàdàn ni yóò ṣòro fún un láti rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó di kámẹ́rà mú ní ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, George da Costa, tí a bí ní ọdún 1853, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé C.M.S. kí ó tó sọ fọ́tò di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1895. Láàárín àkókò kan náà ni N. Walwin Holm ti Accra wá ṣí ilé-iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó. Ní Bonny, Jonathan Adagogo Green ti di ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ yìí kí ó tó kú ní ọdún 1905. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹrù tí àwọn alárù ń fi ọjọ́ púpọ̀ rù láti Èkó kò pẹ́ lọ́nà mọ́, bébà àti gíláàsì fọ́tò náà sì wà lára irú ẹrù tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Ọdún kan ṣáájú èyí, ilé-iṣẹ́ Kodak ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbé kámẹ́rà alápòótí kan jáde tí a ń pè ní Brownie, tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 1 lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ ti di ohun tí ọmọdé pàápàá lè ṣe.

ÌJÓKÒÓ ÀWỌN ÀGBÀ

Bí a bá wọ pálọ̀ àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìbàdàn, àwòrán àwọn àgbà tí ó wà lára ògiri jọ ara wọn bí ẹni pé ọwọ́ kan ni ó yà wọ́n. Bàbá jókòó sórí àga, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, bàtà rẹ̀ hàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó bẹ́ẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ hàn, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ṣeé kà.

Àwọn kan ń fi irú ìjókòó yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó le bí igi. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1978, fi hàn pé òfin àti ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwòrán àgbà ní láti fi ipò àti ìwà rẹ̀ hàn, kí ó sì jẹ́ ti ẹni tí ó ti dàgbà tó bí ó ti yẹ. Sprague rí ohun mìíràn tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí ìbejì kan bá kú, àwọn òbí mìíràn ti fi àwòrán rọ́pò ère ìbejì tí a ń gbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́: onífọ́tò yóò ya èyí tí ó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn ènìyàn wa kò gba kámẹ́rà lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n máa lò ó lásán. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ó bá àṣà wọn mu.

Ní ìgboro, ìjókòó ti pálọ̀ kọ́ ni gbogbo ènìyàn ní owó rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, tàbí tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, ń fẹ́ fọ́tò kékeré kíákíá. Àwọn oníwéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì ni ó ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Inú àpótí igi kan náà ni wọ́n ti ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Bébà ni nẹ́gẹ́tíìfù wọn. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á gbé e síwájú kámẹ́rà náà, wọ́n á tún un yà, dúdú á padà di funfun, funfun á padà di dúdú. Oníbàárà kò ní tíì lọ jìnnà. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní ẹ̀bá ọ̀nà.

ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀTI ÀWÒRÁN

Ìwé ìròyìn àti fọ́tò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1859, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní èdè wa, kò lè tẹ fọ́tò kankan, nítorí a kò tíì mọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi lè ṣe é. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ̀ ju kí ó ta tádàwà tàbí kí ó má ta á. Kò mọ àwọ̀ eérú tí ó wà láàárín dúdú àti funfun. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1880 ni Daily Graphic ti New York kọ́kọ́ fi ọgbọ́n kan tẹ fọ́tò jáde: a fọ́ àwòrán sí àmì bíńtín-bíńtín, ńláńlá níbi tí ó dúdú, kéékèèké níbi tí ó funfun, ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ ni yóò sì so wọ́n pọ̀. Orí irin ni a ń gbẹ́ àwọn àmì náà sí; búlọ́ọ̀kì ni àwọn atẹ̀wé ń pè é. Ẹ gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ kan sún mọ́ ojú yín, ẹ ó rí àwọn àmì náà.

Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá, akéwì wa, bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní ọdún 1924. Nigerian Tribune tẹ̀lé e ní ọdún 1949 láti ọwọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ni a ní ìdí jùlọ láti rántí ìwé mìíràn. Ní àwọn ọdún 1930, E. H. Duckworth, òyìnbó tí ó jẹ́ alábòójútó ẹ̀kọ́, ń ṣe ìwé kan fún àwọn olùkọ́, tí a ń pè ní The Nigerian Teacher. Ó kún fún àwòrán dúdú àti funfun nípa iṣẹ́ ọwọ́, ilé, ọjà àti ọdún ìbílẹ̀, Duckworth fúnra rẹ̀ sì ń lo kámẹ́rà. Ìwé náà dàgbà di Nigeria Magazine tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn fọ́tò Duckworth wà ní ìpamọ́ títí di òní ní Yunifásítì Northwestern ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lò wọ́n fún ìtàn wa. Ìwé àwọn olùkọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Òótọ́ ni pé owó búlọ́ọ̀kì ju agbára ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ ní ayé àtijọ́. Orí bébà sítẹ́ńsì ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sí. Báyìí ni a ṣe ṣe The Horn pàápàá, ìwé ewì tí J. P. Clark dá sílẹ̀ ní University College Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Sítẹ́ńsì kò gba fọ́tò. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ àwòrán ní láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìròyìn lára ògiri. Lónìí, ìdènà náà ti kúrò. Fóònù ń ya àwòrán, kọ̀ǹpútà ń tò ó, ẹ̀rọ ìdàkọ ní ẹ̀gbẹ́ títì sì ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tádàwà dúdú ṣì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ ní agbára rẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n àwòrán dúdú àti funfun kò tíì di ohun àtijọ́.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ ÀWÒRÁN DÁRA

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ni ọ̀tá àwòrán ní ilẹ̀ wa. Yóò fi òjìji dúdú bo ihò ojú àti abẹ́ imú, yóò sì mú kí ènìyàn dijú. Láti aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀, àti láti aago 4 títí tí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀, ni ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá dúró lórí Òkè Màpó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn òrùlé páànù Ìbàdàn yóò yà sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan ní òjìji, títí dé ibi tí ojú mọ. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn a di ìpẹ́ ẹja kan ṣoṣo. Bí ó bá sì di dandan kí a ya ènìyàn ní ọ̀sán, ẹ mú un wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú síta. Kò sí sítúdíò tí ó dára tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Yorùbá.

Èkejì ni àwọ̀. Kámẹ́rà dúdú àti funfun kò mọ pupa, kò mọ ewéko. Aṣọ pupa lára ewé tútù, tí ó hàn kedere sí ojú wa, lè di eérú lórí eérú nínú àwòrán. Kí ọmọ tí ó di kámẹ́rà mú máa bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó dúdú níhìn-ín, kí ni ó mọ́lẹ̀? Ẹni tí ó wọ àdìrẹ tí ó ti kún, kí ó dúró síwájú ògiri tí a fi ẹfun kùn. Ẹni tí ó wọ funfun, kí ó dúró síwájú ilẹ̀kùn dúdú.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú gan-an. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú oòrùn ń gbé ìṣòro ńlá síwájú kámẹ́rà. Ẹ̀rọ náà yóò tẹ̀ lé aṣọ, yóò sì sọ ojú ọmọ náà di òkùnkùn. Ojú ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ìmọ́lẹ̀ tó ojú dáadáa. Bí aṣọ funfun bá pàdánù ìlà díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè rẹ̀. Nínú òjìji ni ojú àti aṣọ máa ń rẹ́ jùlọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìsúnmọ́. Ìwé tí a tẹ̀ lórí bébà olówó pọ́ọ́kú ń pàdánù ohun kéékèèké. Àwòrán kíláàsì tí orí 50 wà nínú rẹ̀ yóò dà bí abọ́ ẹ̀wà. Ènìyàn 3 tàbí 4 tí ń ṣe iṣẹ́ kan pọ̀, tí a sún mọ́, yóò sọ ìròyìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú, kí òpó iná má baà hù jáde lórí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ìdúróṣinṣin. Kí ọmọ náà fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ìhà, kí ó dá èémí dúró díẹ̀ bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́. Rólù fíìmù tí àwọn àgbà ń lò kò ju àwòrán 8 tàbí 12 lọ nínú kámẹ́rà àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò nígbà náà. Nítorí náà wọ́n ń ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù lè ya 1,000, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 8 péré fún iṣẹ́ kan.

Ẹ̀kẹfà, tí ó borí gbogbo rẹ̀, ni ọ̀wọ̀. Àwòrán àgbà kì í ṣe ohun tí a ń jí yà. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì wí pé, “Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wá. A fẹ́ ya fọ́tò yín sínú ìwé ìròyìn wa, bí ẹ bá gbà fún wa.” Nígbà púpọ̀ ni bàbá yóò dáhùn pé, “Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ agbádá mi ná.” Ìwé ìròyìn ń fẹ́ alágbẹ̀dẹ nídìí ẹwìrì rẹ̀, bàbá ń fẹ́ kí a rí òun bí àgbà. Kí ọmọ má jiyàn. Kí ó ya méjì: ọ̀kan nínú agbádá, lórí àga, bí àwọn baba ńlá wa ti ń jókòó, ọ̀kan nídìí iṣẹ́. Kí ó fún bàbá ní ti àkọ́kọ́, kí ìwé ìròyìn lo èkejì pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀.

ORÚKỌ LẸ́YÌN ÀWÒRÁN

Mo ti sọ pé àwòrán tí kò ní orúkọ yadi. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, Seydou Keïta ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú sítúdíò rẹ̀ láti ọdún 1948. Nígbà tí a gbé díẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀ hàn ní New York ní ọdún 1991, orúkọ rẹ̀ kò sí lára wọn. Wọ́n ní onífọ́tò tí a kò mọ̀ ni ó yà wọ́n. Keïta sì wà láàyè ní Bamako! Lẹ́yìn èyí ni a wá a kàn, òkìkí rẹ̀ sì kan kí ó tó kú ní ọdún 2001. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwòrán àwọn òbí wa?

Ẹ wá wo àpẹẹrẹ kejì, tí ó kan Ìbàdàn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó tí a bí ní ọdún 1930, ra kámẹ́rà Brownie kan ní ọdún 1950. Ìbàdàn ni ó ti rí iṣẹ́ ní ọdún 1954, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni ó di onífọ́tò fún tẹlifíṣọ̀n Western Nigeria, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa yìí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní dúdú àti funfun, títí tí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ fi tó nǹkan bí 1,000. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ó kọ orúkọ irun sílẹ̀: Onílé Gogoro, Ṣùkú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí, nígbà tí ó kú ní ọdún 2014, kì í ṣe àwòrán orí nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún wa. Ìmọ̀ ni ó fi sílẹ̀, tí ọmọ tí kò tíì rí Onílé Gogoro rí lè fi kọ́ bí ó ti rí.

Ẹ wo agboolé wa ní ìdàkejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mú fọ́tò ẹbí wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ ìtàn. Àwọn ọkùnrin 9 jókòó, àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn, ọmọ kan wà láàárín pẹ̀lú fìlà. “Ta nìyí?” “Bàbá ńlá wa ni.” “Kí ni orúkọ rẹ̀?” Ọmọ yóò lọ béèrè nílé, yóò padà wá pé màmá àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ti kú. Ọ̀rọ̀ parí. Ènìyàn 20 wà lórí bébà, ojú wọn mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tún pè wọ́n ní orúkọ mọ́. Pẹ́ńsù àti ìṣẹ́jú 5 péré ni ìbá ti gbà wọ́n là.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ WA

Ohun tí a ń sọ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kó ẹ̀mí àti dúkìá lọ ní Ìbàdàn. Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí ó bá omi lọ kì í padà. Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní ọdún 1929 ni a tún ṣe ní ọdún 2006, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ àwọn baba wa ní ẹsẹ̀ òkè náà kò rí ẹni tún wọn ṣe. Wọ́n ń wó, a sì ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. N kò sọ pé kí a má kọ́ ilé titun. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ kan kọ́kọ́ ya èyí tí ó ń lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fi àbá mẹ́ta yìí síwájú ẹgbẹ́ wa. Àkọ́kọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ fún àwòrán agboolé kan, pẹ̀lú ìtàn kúkúrú láti ẹnu àgbà ibẹ̀. Èkejì, kí a kọ nǹkan 4 sí ẹ̀yìn gbogbo àwòrán tí a bá tẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù rírọ̀, kí bébà má baà bàjẹ́: orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ibi tí a ti yà á, ọjọ́ tí a yà á, àti orúkọ ẹni tí ó yà á. Ẹ̀kẹta, kí a máa tẹ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí èkejì wà nínú àpótí ẹgbẹ́, níbi tí ọ̀rinrin àti aáyán kò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwòrán inú fóònù tí a kò tẹ̀ sórí bébà, ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni ó parí.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kọjá agbára wa. I. B. Akínyẹlé, tí ó padà di Olúbàdàn, kò dúró de ìjọba kí ó tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911. Ó bi àwọn àgbà tí ó wà láyé ní ìgbà tirẹ̀ léèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni a sì ń kà títí di òní. Ohun tí ó fi gègé ṣe ni mo ń bẹ̀ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n fi kámẹ́rà parí.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá padà délé lálẹ́ òní, ẹ sọ fọ́tò àtijọ́ kan kalẹ̀ lára ògiri, ẹ pe àgbà tí ó kù nínú ilé, kí ẹ sì kọ orúkọ tí ó bá dá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ yìí lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí sáà yìí tó parí. Kí Ọlọ́run bù kún ẹgbẹ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí ilé Olúyọ̀lé máa gbòòrò sí i.